Ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ ju òkun, bàtà tó ní àgbékọ́: eré ìje orí yìnyín ní Nẹ́dálándì

Ní Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù ti Sochi lọ́dún 2014, àmì-ẹ̀yẹ 36 ni wọ́n pín nínú eré ìje orí yìnyín, ìyẹn fífi bàtà onírin sáré lórí omi tó ti dì. Nẹ́dálándì nìkan kó 23 níbẹ̀, wúrà 8 sì wà nínú rẹ̀, bí ẹni ń ṣa àgbálùmọ̀ nídìí igi. Àlàyé tí ẹnu ọ̀pọ̀ èèyàn kò yẹ̀ ni pé wọ́n ga, ẹsẹ̀ wọn gùn, omi wọn sì máa ń dì. Àlàyé yẹn kò dé ìdí ọ̀rọ̀. Omi tó ń dì ló jẹ́ kí tọmọdé tàgbà wọn fẹ́ràn eré náà. Ẹ̀rọ àti irin ló sọ wọ́n di ọ̀gá.

Apá púpọ̀ nínú ilẹ̀ wọn rẹlẹ̀ ju òkun lọ. Kí oko má baà kún fún omi, wọ́n gbẹ́ odò tóóró àti kòtò omi síbi gbogbo. Omi inú wọn kì í sáré, kò sì jìn, nítorí náà ó máa ń tètè dì nígbà òtútù, ojú ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi á sì di títì. Irin tí wọ́n kàn mọ́ pákó, tí wọ́n sì fi awọ so mọ́ bàtà, ni àgbẹ̀ ń wọ̀ lọ sọ́jà. Ní Friesland, lápá àríwá, wọ́n fi í díje: mítà 160, ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó bá fìdí rẹmi á gbalé lọ. Àwọn obìnrin díje bẹ́ẹ̀ ní Leeuwarden lọ́dún 1805, ariwo sì sọ nítorí pé wọ́n bọ́ aṣọ àwọ̀lékè wọn, apá wọn wà ní gbangba.

Ọdún 1882 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ eré náà sílẹ̀ lórílẹ̀-èdè wọn. Ìlú wọn náà, Scheveningen, ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ àgbáyé sílẹ̀ lọ́dún 1892. Ọdún kejì, Jaap Eden gba ìdíje àgbáyé ní Amsterdam. Coen de Koning gbà á lọ́dún 1905. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkùnrin Nẹ́dálándì kankan kò tún gbà á mọ́ títí di 1961, nígbà tí Henk van der Grift gbà á. Ọdún 56 gbáko! Ibi tí àlàyé omi dídì ti já nìyẹn. Òtútù Nẹ́dálándì kò ṣeé gbára lé: ọdún kan omi á dì, ọdún mìíràn kò ní dì rárá, bẹ́ẹ̀ àwọn ará Norway ní yìnyín fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ọdún 1961 kan náà ni wọ́n ṣí pápá yìnyín àtọwọ́dá wọn àkọ́kọ́ tó jẹ́ mítà 400 ní Amsterdam, wọ́n sì fi orúkọ Jaap Eden pè é. Páìpù wà lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, ohun tútù tó ń ṣàn nínú wọn ló ń mú kí omi orí rẹ̀ dì. Kò pẹ́ tí Ard Schenk, eléré wọn, fi dé. Ní Òlíḿpíìkì Sapporo lọ́dún 1972, ó gba wúrà mẹ́ta: mítà 1,500, 5,000 àti 10,000. Thialf, pápá yìnyín mìíràn ní Heerenveen, ṣí lọ́dún 1967, wọ́n sì bo orí rẹ̀ lọ́dún 1986, afẹ́fẹ́ àti òjò kò tún rí i ṣe mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ bá ará Friesland sọ̀rọ̀ wúrà, yóò bá yín sọ̀rọ̀ Elfstedentocht, ìrìn-àjò ìlú mọ́kànlá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 200 láàárín ọjọ́ kan, láti Leeuwarden padà sí Leeuwarden. Láti 1909, ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ló wáyé. Yìnyín gbọ́dọ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15 jákèjádò ọ̀nà, àwọn alábòójútó agbègbè sì máa ń gbẹ́ ihò wọ̀n ọ́n. Abẹ́ afárá ló ń dà wọ́n láàmú jù: omi ń ṣàn kíá níbẹ̀, afárá náà kì í sì í jẹ́ kí ooru omi ráyè jáde sójú ọ̀run lóru. Bí ìrì dídì bá bọ́ sórí yìnyín, aṣọ ìbora ló dà, yìnyín kò ní nípọn mọ́. Níbi tí kò bá ṣeé gbà, wọ́n á tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sórí ilẹ̀, eléré á fi bàtà onírin rìn kọjá. Klûnen ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ gba àgbélébùú kékeré tí wọ́n fi ń yẹ́ni sí gbọ́dọ̀ gba òǹtẹ̀ ní gbogbo ìlú, kó sì délé kí agogo méjìlá òru tó lù.

Lọ́dún 1963, ẹni tó lé ní 9,000 ló gbéra láti wá àgbélébùú náà, 69 péré ló délé. Òtútù, ìjì àti ìrì dídì ló lé àwọn yòókù kúrò lọ́nà. Lọ́dún 1940, àwọn márùn-ún tó wà níwájú ṣàdéhùn láti wọlé pọ̀. Wọ́n fòfin de ìyẹn, àmọ́ àwọn márùn-ún mìíràn tún dán an wò lọ́dún 1956, wọn kò sì kéde olúborí kankan lọ́dún náà. Ọ̀gbẹ́ni Evert van Benthem, àgbẹ̀ olùsin màlúù, gbà á lọ́dún 1985 àti 1986. Ọmọọba Willem-Alexander, tó ti di ọba báyìí, sá a lọ́dún 1986 lábẹ́ orúkọ mìíràn.

Ó wá ku bàtà. Lára ti àtijọ́, irin dì mọ́ bàtà níwájú àti lẹ́yìn. Eléré kò gbọdọ̀ na ọrùn ẹsẹ̀ tán: tí gìgísẹ̀ bá gbéra, ṣóńṣó irin á gún yìnyín bí ọkọ́ ṣe ń gún ilẹ̀. Nítorí náà ó ní láti gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀ kí orúnkún tó nà délẹ̀, agbára iṣan ẹ̀yìn ojúgun á sì ṣòfò. Gerrit Jan van Ingen Schenau àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì kan ní Amsterdam fi àgbékọ́, bíi ti ilẹ̀kùn, sábẹ́ ìdí ọmọ ìka ẹsẹ̀, wọ́n sì tú ẹ̀yìn sílẹ̀. Gìgísẹ̀ á gbéra, irin á ṣì wà lórí yìnyín gbalaja. Tí ẹsẹ̀ bá kúrò nílẹ̀, sípíríǹgì á fà á padà, á dún pà! Ìró yẹn ló fún un lórúkọ, klapschaats.

Èrò náà kì í ṣe tuntun. Wọ́n ti fún ẹnì kan ní ìwé-àṣẹ irú rẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 1894. Àwọn ọ̀gá eléré kọ̀ ọ́ fún ọdún púpọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ eléré ìpínlẹ̀ Gúúsù Họ́lándì ló kọ́kọ́ gbà á láàárín 1994 sí 1995, àwọn obìnrin tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí Tonny de Jong fi í borí Gunda Niemann, ọ̀gá eléré Jámánì, nínú ìdíje Yúróòpù lọ́dún 1997, kò sẹ́ni tó tún jiyàn mọ́. Ní Òlíḿpíìkì Nagano lọ́dún 1998, Nẹ́dálándì gba wúrà márùn-ún.

Bàtà yìí fẹ́ ìtọ́jú. Bí sípíríǹgì bá rọ̀, irin kò ní tètè padà, ṣóńṣó rẹ̀ á sì kọ́ yìnyín. Bí a bá ń pọ́n irin, a máa ń de méjèèjì pọ̀ nínú férémù, ojú wọn sókè, kí òkúta ìpọ́nbẹ pẹ̀lú òróró lè kọjá lórí wọn lẹ́ẹ̀kan náà, láìdà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìsàlẹ̀ irin gbọ́dọ̀ tẹ́jú, kí etí rẹ̀ méjèèjì mú bákan náà. Tí ọwọ́ bá ti ń ba irun irin kéékèèké létí rẹ̀, òkúta kékeré la fi ń ra á kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá gbàgbé èyí, irin rẹ̀ á máa yọ̀ lọ́nà kọ̀rọ̀, níbi tó ti yẹ kó di yìnyín mú.

Ká má gbàgbé pé ọgbọ́n irin kò gba èèyàn lọ́wọ́ àṣìṣe. Eléré méjì a máa pààrọ̀ ọ̀nà inú àti ọ̀nà òde ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Ní Òlíḿpíìkì Vancouver lọ́dún 2010, Sven Kramer, ọmọ Nẹ́dálándì, ń sá mítà 10,000, kóòṣì rẹ̀ ní kó wọ ọ̀nà inú nígbà tó yẹ kó wọ òde. Ó parí ṣáájú gbogbo wọn, wọ́n sì fagi lé e. Lee Seung-hoon ti Gúúsù Kòríà ló gba wúrà.

Elfstedentocht tó kẹ́yìn jẹ́ ti oṣù Kíní 1997, Henk Angenent ló gbà á. Ní Èrèlé 2012, gbogbo ìlú ti gbára dì, àmọ́ yìnyín apá gúúsù Friesland kò nípọn tó, wọ́n sì fagi lé e. Àwọn tí kò lè sùn nítorí rẹ̀ ń lọ sá kìlómítà 200 lórí adágún Weissensee ní Ọ́síríà lọ́dọọdún. Ní oṣù Kẹfà 2019, Maarten van der Weijden, tó gba wúrà ìwẹ̀dò ní Òlíḿpíìkì 2008, wẹ ọ̀nà ìlú mọ́kànlá náà já, láti kówó jọ fún ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ.