Fọ́líbọ́ọ̀lù dé Róòmù o
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹsẹ̀ ò gbé mi mọ́ o 😂 Sẹ́ẹ̀tì márùn-ún gbáko la gbá pẹ̀lú àwọn ọmọ Ítálì kan tí wọ́n ga bí ọ̀pẹ, ìkarùn-ún yẹn tí wọ́n máa ń gbá dé 15 péré, àwa fà á dé 16-14 ká tó borí, ariwo tí líbẹ́rò wa, ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún wa, pa ẹ má wulẹ̀ bèèrè, àfi bí kóòṣì ṣe ní ká lọ wẹ̀ kíá, Colosseum yá! Ilé ìwòran àtijọ́ àwọn ará Róòmù tí wọ́n ṣí lọ́dún 80 Sànmánì Kristi, ó ti lé ní 1,900 ọdún, ó ṣì dúró. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ ṣá, háà, orúnkún mi ló mọ̀ ọ́n. Lọ́la ó di Fontana di Trevi, ìsun omi ńlá kan níbí, wọ́n ní ẹni tó bá ju owó sómi ibẹ̀ á padà wá sí Róòmù, mo ti ń ṣa ṣéńjì jọ.