Kákítọ́ọ̀sì tó ń fi òru mí

Nínú gbogbo igi aṣálẹ̀, saguaro ló wù mí jù, kákítọ́ọ̀sì gàgàrà inú aṣálẹ̀ Sonoran yẹn, ní Arizona l'Amẹ́ríkà títí wọ Mẹ́síkò, ẹ máa ti rí i nínú fíìmù kábọ́ì dáadáa. Kò kánjú ṣe nǹkan kan o, ó lè tó ọdún 50 sí 75 kó tó yọ apá àkọ́kọ́, òun fúnra ẹ̀ sì lè lo ọdún 150 láyé.

Àwọn èèyàn á ní ẹ̀gún ẹ̀ ló ń jẹ́ kó fara da ọ̀dá. Ẹ̀gún ṣe tiẹ̀, mi ò jiyàn, torí ewé ló di ẹ̀gún yẹn kí omi má bàa máa ti ara ewé gbẹ lọ. Àmọ́ ibi tó ti gbọ́n jù ni bó ṣe ń mí. Igi tó pọ̀ jù, ọ̀sán ni wọ́n máa ń la ihò wínníwínní ara ewé wọn kí kábọ́ọ̀n-dàyọ́sáìdì tí wọ́n fẹ́ fi se oúnjẹ lè wọlé, ibẹ̀ náà lomi sì ń gbà sá jáde. Saguaro ò ráyè ìyẹn. Látàárọ̀ dalẹ́ ló máa tilẹ̀kùn pa, tílẹ̀ bá wá ṣú tí afẹ́fẹ́ tutù á ṣí i, á fa tiẹ̀ wọlé, á sọ ọ́ di ásíìdì kó sára, tílẹ̀ bá mọ́ á tún tì í gbọin-gbọin, á wá máa fi oòrùn se èyí tó ti kó pamọ́. Ìdí nìyẹn tí ara irú igi bẹ́ẹ̀ fi máa ń kan láàárọ̀ kùtù ju ìrọ̀lẹ́ lọ.

Tójò bá rọ̀ ńkọ́? Gbòǹgbò ẹ̀ ò jìn, ọ̀pọ̀ wọn ò ju bí íǹṣì 4 lọ nínú ilẹ̀, àmọ́ wọ́n nà yí i ká débi pé wọ́n lè jìnnà tó bó ṣe ga, kómi tó gbẹ wọ́n ti fà á. Ara ẹ̀ wá rí bíi yẹ̀rì tí télọ̀ ṣẹ́ pílíìtì sí, tó bá mumi yó pílíìtì á tú, á sanra, tọ́dàá bá dé á tún ká wọlé, awọ ẹ̀ ò ní ya.

Nǹkan tó ń dùn mí ni ti ọdún 2023. Ọjọ́ 31 tẹ̀léra ni Phoenix, ìlú ńlá kan ní Arizona, fi gbóná tó 110 Fahrenheit tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, làwọn saguaro kan nígboro bá bẹ̀rẹ̀ sí í já lápá, òmíì wó lulẹ̀ pátá. Ooru ọ̀sán nìkan kọ́ o, òru tó yẹ kí wọ́n fi mí ò tutù mọ́, torí kọnkéré àti ọ̀dà títì ń tú ooru jáde títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún tẹ́ ẹ ní ọ̀kan lọ́gbà, ẹ má kàn máa domi sí i nídìí lójoojúmọ́ ṣá, omi àpọ̀jù máa ń jẹ́ kó jẹrà.