Èèkàn mẹ́sàn-án lórí gìtá kan

Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń ta Canarios, orin ijó kan tí Gaspar Sanz, onígìtá ará Sípéènì ayé àtijọ́, kọ, lórí gìtá olókùn mẹ́fà tí gbogbo wa mọ̀ yìí, mo sì ń sọ lọ́kàn ara mi pé bàbá yìí ò fi bẹ́ẹ̀ mọ orin kọ. Ẹ má bínú. Nínú àwọn orin ẹ̀, ohùn á máa gòkè lọ jẹ́ẹ́jẹ́, á wá dédé já wálẹ̀ bí ẹni tẹ́sẹ̀ ẹ̀ yẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, á tún fò padà sókè. Mo ní àbí àwọn tó tẹ ìwé yẹn ló ṣàṣìṣe ni.

Àṣé gìtá mi ni. Kì í ṣe pé kò dáa o, kì í kàn ṣe òun ni wọ́n kọ orin yẹn fún. Ìwé Sanz jáde ní Zaragoza, ní Sípéènì, lọ́dún 1674, gìtá ayé ìgbà yẹn sì kéré, ọ̀wọ́ okùn márùn-ún ló ní, méjì méjì ni wọ́n sì ń so wọ́n, àyàfi ti àkọ́kọ́ tó sábà máa ń dá wà, okùn mẹ́sàn-án lápapọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú èèkàn tí wọ́n fi ń yí ohùn ẹ̀. Ìfun àgùntàn ni okùn ọ̀hún, kódà frẹ́tì ọrùn ẹ̀ náà, ìyẹn àwọn ìlà tí ìka ń tẹ okùn mọ́, ìfun ni wọ́n wé mọ́ ọn.

Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni bí wọ́n ṣe ń yí ohùn ẹ̀. Sanz fúnra ẹ̀ sọ ọ́ nínú ìwé yẹn pé ní Róòmù, àwọn onígìtá ibẹ̀ kì í fi okùn nípọn kankan sí i, tín-ín-rín ni gbogbo ẹ̀, tó fi jẹ́ pé okùn kẹrin àti ìkarùn-ún tí àwa ń retí kó dún wúwo, ohùn òkè ni wọ́n ń mú wá. Ó ní tó bá jẹ́ pé o kàn fẹ́ máa gbá a lọ gbàràgbàrà, okùn nípọn ló dáa, àmọ́ tó bá jẹ́ pé ìka lo fẹ́ fi máa tú u lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣe bíi ti Róòmù. Ohùn kan lórí okùn kìíní, èyí tó tẹ̀ lé e lórí ìkẹrin, òmíràn lórí ìkejì, kò sí èyí tó pa ẹnìkejì ẹ̀ lẹ́nu mọ́, gbogbo wọn á jọ máa dún lọ ni. Campanelas ni wọ́n ń pè é, ìyẹn agogo kéékèèké.

Bí mo ṣe gbéra nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń gbẹ́gi lére ládùúgbò wa (Òṣogbo náà ni, èèyàn ò ní wá agbẹ́gilére tì) ni mo bá, mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi gbẹ́ èèkàn kéékèèké mẹ́sàn-án. Ó wò mí títí, ó ní, "Ṣé ewúrẹ́ lo fẹ́ so ni?"

Ó kúkú gbẹ́ ẹ, ó tún bá mi ṣe orí tuntun fún gìtá àlòkù kan. Ìfun gidi, ọwọ́ mi ò tó o rárá, ẹ jẹ́ n má purọ́, okùn ìpẹja tí mo rà lọ́jà Ọba ni mo fi sí i, òun náà ni mo so ṣe frẹ́tì. Àwọn tó gbówó lé nǹkan yìí nílẹ̀ òyìnbó á fi mí ṣẹ̀sín. Ẹ jẹ́ wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ta á, ibi tí mò ń pè ní àṣìṣe yẹn kàn ṣàn lọ bí omi ni, mo gbé gìtá sílẹ̀, mo ní "Sanz, ẹ jọ̀ọ́."

Wàhálà ẹ̀ ò kéré ṣá. Ọyẹ́ dé báyìí, gbogbo èèkàn ló tú.

Bàbá onílù kan wà lójúde wa, ọmọ Àyàn ni wọ́n, wọ́n gbọ́ Canarios lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Orin yẹn, mẹ́fà mẹ́fà lèèyàn ń kà á, nígbà míì ó máa pín sọ́nà méjì, nígbà míì sọ́nà mẹ́ta, ibẹ̀ gan-an ló máa ń da àwọn onígìtá láàmú. Bàbá ò tiẹ̀ bi mí ní nǹkankan nípa Sípéènì. Wọ́n ní, "Ìyá ìlù nìkan lò ń lù yìí o, omele dà?" Mo ní bàbá, kò sí omele níbẹ̀. Wọ́n ní irọ́ ni, wọ́n fa àga mọ́ra, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbá tábìlì, kọ́nkọ́lọ́, kọ́nkọ́lọ́, èmi náà ń ta á lọ, ìgbà tí èèkàn kẹta yọ̀ la tó dúró.