Ẹ Má Fi Ọ̀sán Wọn Afẹ́fẹ́ Òru

Ẹ̀yin àbúrò mi lẹ́nu iṣẹ́ wolé-wolé, ẹ kú iṣẹ́. Ìwé àbẹ̀wò tí ẹ ń kó wá láti àwọn ilé face-me-I-face-you ti pọ̀ lórí tábìlì, ohun kan náà ló sì wà nínú gbogbo wọn: "Aago mẹ́wàá àárọ̀. CO, 1 ppm. Kò séwu." Mi ò ní kọ́ yín ní ohun tí carbon monoxide (CO) jẹ́, gáàsì olóró inú èéfín tí kò ní àwọ̀ tàbí òórùn, tàbí pé ppm ni iye ìdá rẹ̀ nínú mílíọ̀nù ìdá afẹ́fẹ́: ẹ ti kọ́ ọ nílé ìwé. Ohun tó ká mi lára ni pé àṣìṣe tí àwa tá a ṣáájú yín ṣe gan-an lẹ tún ń ṣe, àṣìṣe ọ̀hún kò sì mọ sórí ìwé. Èèyàn ń sùn nínú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kìíní: ìta gbangba lẹ ó ti tan ẹ̀rọ tó ń wọn CO kí ẹ tó wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, ibi tí ẹ bá ti tàn án ló máa kà sí òdo. Bí ẹ bá tàn án nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí èéfín ti kún, irọ́ ni gbogbo nọ́ńbà tó bá mú wá lẹ́yìn náà. Ẹ má sì fi sanitáísà ra ọwọ́ tán kí ẹ wá gbé e. Oru ọtí inú rẹ̀ máa ń da ojú ẹ̀rọ rú.

Ẹ̀kọ́ kejì: ibi tí imú onílé máa wà lóru ni kí ẹ gbé e sí. Díẹ̀ báyìí ni CO fi fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ṣe ló ń pò mọ́ ọn káàkiri yàrá. Kò sídìí láti máa gun àga lọ fi ẹ̀rọ kọ́ àjà. Bí ọmọ mẹ́ta bá ń sùn lórí ẹní, ẹ̀gbẹ́ ẹní ni ẹ̀rọ yóò wà, kó fi nǹkan bíi mítà kan jìnnà sí wíńdò àti ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀kọ́ kẹta: bátìrì olómi tí ínfátà ń gba iná sí máa ń tú gáàsì hydrogen jáde, ẹ̀rọ wa a sì máa kà á mọ́ CO. Bí nọ́ńbà bá ga nílé tí kò sẹ́nì kankan tó dáná tàbí tan jẹnẹrétọ̀, ẹ wo abẹ́ àtẹ̀gùn bóyá bátìrì wà níbẹ̀ kí ẹ tó dẹ́rù ba aráalé.

Ẹ̀kọ́ kẹrin ni ti àkókò, òun gan-an ló sì fa gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ ká wo ilé náà dáadáa. Yàrá mẹ́wàá, márùn-ún kọjú sí márùn-ún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan láàárín wọn. NEPA mú iná lọ ní aago méje alẹ́. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré jáde, èyí tí aráàlú ń pè ní I-better-pass-my-neighbour, tí wọ́n ń po òróró ẹ́ńjìnnì mọ́ pẹtiróòlù rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ló kọ́kọ́ wà. Nígbà tó di aago mẹ́wàá, ẹ̀rù olè bà wọ́n, wọ́n wọ́ ọ wá sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, wọ́n fi ṣéènì dè é mọ́ irin ilẹ̀kùn. Òjò ṣú, wọ́n tún fà á wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sàléńsà kọjú sí yàrá àkọ́kọ́. Ìyàwó ilé tó wà níbẹ̀ ti wíńdò pa nítorí ẹ̀fọn, ó fi àkísà dí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kí èéfín má bàa wọlé. Àkísà lè dín eruku àti òórùn kù. Kò lè dá CO dúró. Nígbà tí kò gbóòórùn mọ́, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó sùn.

Wolé-wolé dé ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n ti gbé jẹnẹrétọ̀ padà sẹ́yìnkùlé, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù. Ilẹ̀kùn iwájú àti tẹ̀yìn ṣí sílẹ̀ gbayawu, atẹ́gùn ń fẹ́ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá. Ẹ̀rọ wo ni kò ní ka 1 ppm níbẹ̀? Ẹni tó kọ ọ́ kò purọ́. Àmọ́ ilé tó wọ̀n kọ́ ni ilé tí wọ́n sùn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ara èèyàn ṣe ń tàn wá. Ìyàwó ilé yẹn jí pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí àti èébì. Kẹ́míìsì ní ibà ni, ó lo oògùn, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó máa di ìrọ̀lẹ́, ara ti yá. Oògùn ló gba ìyìn. Afẹ́fẹ́ ìta ló wò ó, nítorí ìdajì CO tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń jáde láàárín wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. Alẹ́ tún lẹ́, ó tún padà sínú yàrá kan náà. Bó bá dé ilé ìwòsàn, wọ́n á fi ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn òṣíjìn inú ẹ̀jẹ̀ há a lọ́mọ ìka, á kọ 98, bíi pé ara rẹ̀ dá. Ẹ̀rọ yẹn kò lè ya ẹ̀jẹ̀ tó gbé atẹ́gùn òṣíjìn sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó gbé CO. Àyàfi kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n wá carboxyhaemoglobin, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ tí CO ti lẹ̀ mọ́, níbẹ̀, kí wọ́n sì yára ṣe é. Bó bá lóyún, ọ̀ràn dójú ẹ̀, torí pé ó máa ń pẹ́ kí CO tó kúrò lára ọmọ inú ju ti ìyá lọ.

Èyí tó dùn mí jù lọ rèé: bí àwọn ayálégbé bá ké pé jẹnẹrétọ̀ ń pa àwọn, lańdílọ́ọ̀dù a mú ìwé wa jáde. "Kò séwu. Ìjọba ló kọ ọ́." Òǹtẹ̀ wa wà lórí rẹ̀. Iṣẹ́ wolé-wolé tí àwọn ìyá wa ń bẹ̀rù nítorí ìdin inú àmù wá di asà lọ́wọ́ ẹni tó yẹ ká bá wí. Ó yẹ kó máa ká yín lára bó ṣe ká àwa lára, kí ẹ sì má jẹ́ kí ọ̀gá kankan fi iye ilé tí ẹ bẹ̀ wò lóòjọ́ yangàn lórí yín. Ilé kan tí ẹ wọ̀n mọ́jú sàn ju ogún tí ẹ sáré yọjú sí lọ.

Bí ẹ ó ṣe wọ̀n ọ́n nìyí. Ẹ gbé ẹ̀rọ tó ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀ níṣẹ̀ẹ́jú kọ̀ọ̀kan kalẹ̀ láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí ẹ padà wá gbé e láago mẹ́fà ìdájí. Kí aráalé bá yín kọ ìgbà tí iná lọ, ìgbà tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ibi tí wọ́n gbé e sí, àti ìgbà tí wọ́n dáná. Ààlà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ kò ju nǹkan bíi 9 ppm lọ. Fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nǹkan bíi 87. Bó bá ń fò sókè kọjá ìyẹn kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ má dúró de àárọ̀ kí ẹ tó sọ fún wọn. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà tó mítà mẹ́fà sí wíńdò tàbí ilẹ̀kùn èyíkéyìí, kí sàléńsà kẹ̀yìn sílé. Wíńdò ṣíṣí nìkan kò tó. Èédú tí èéfín rẹ̀ ti tán, tí wọ́n gbé wọ yàrá nítorí òjò, ẹ bá wọn gbé e jáde. Pípọ́n tó pọ́n yẹn ni CO rẹ̀ ń jáde.

Ẹ bi wọ́n léèrè pẹ̀lú: ṣé ẹ̀fọ́rí náà máa ń lọ bí ẹ bá jáde? Ṣé ẹlòmíì nínú yàrá ní i? Ibà kì í dédé mú ìyá, bàbá àti ọmọ láàárọ̀ kan náà kó tún fi gbogbo wọn sílẹ̀ lọ́sàn-án.

Ẹ má fojú kéré èéfín sítóòfù kẹrosíìnì o. Ní Ìbàdàn, wọ́n pín aláboyún 324 sí méjì, wọ́n fún apá kan ní sítóòfù tó ń lo ethanol (ọtí tó ń jó bí epo), apá kejì sì ń bá igi tàbí kẹrosíìnì wọn lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru mú ìdá 6.4 nínú ọgọ́rùn-ún nínú àwọn tó ń bá ti àtijọ́ lọ, ìdá 1.9 péré ló mú nínú àwọn tó yí padà.

Bí ó bá sì jẹ́ ọ̀sán nìkan ni ẹ ráyè lọ, ẹ má kọ "kò séwu" mọ́. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Aago mẹ́wàá àárọ̀. Jẹnẹrétọ̀ wà ní pípa. Ilẹ̀kùn méjèèjì ṣí. CO, 1 ppm. A kò tíì wọn ti òru."