Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì wọlé: ẹ̀kọ́ tí ikọ́ ife kọ́ mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn ikọ́ ife lọ́wọ́, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Èsì àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi jáde, ilé dàrú.

Ìyá ọkọ mi kó àwo mi, ife mi àti ṣíbí mi sínú ọ̀rá, wọ́n gbé e sẹ́yìnkùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa ìdọ̀tí. Wọ́n pe ẹbí jọ sí pálọ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó tì mí. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣì máa lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí ẹ ná." Àbíkẹ́yìn mi ń nawọ́ sí mi, ó ń ké, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin dì í mú lẹ́nu ọ̀nà. Mo wúkọ́, gbogbo wọn fi aṣọ bo imú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn dùn mí ju àìsàn náà lọ. Ẹ má rò pé mò ń bú wọn o, ẹ̀rù ló bà wọ́n. Ṣùgbọ́n ikọ́ ife kì í ti ara àwo ranni. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e, bí ẹni tó ní in bá ń wúkọ́.

Ara mi ti yá. Oògùn oṣù 6 ni, ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ìtọ̀ yín á pọ́n, oògùn ló fà á. Ara lè fúyẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ má torí ẹ̀ dá a dúró.

Ẹ̀kọ́ tó kù, orí nọ́ọ̀sì ni gbogbo ẹ̀ dá lé. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé wa wá sílé, ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àwo yẹn fún ìyá ọkọ mi, ó ní kí gbogbo ará ilé wá ṣàyẹ̀wò. Ọmọ mi ò ní in, wọ́n fún un ní oògùn ìdènà. Àbúrò ọkọ mi tí kò wúkọ́ rárá ló ní in. Tí nọ́ọ̀sì ò bá wá ńkọ́?

Ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní girama, mo mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ti pẹ́. Dókítà kan, Robert Philip, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Edinburgh ní Scotland lọ́dún 1887: nọ́ọ̀sì á tẹ̀ lé aláìsàn délé, á wo yàrá tó ń sùn àti àwọn tí wọ́n jọ ń gbé. Láàárín ogun àgbáyé méjèèjì, òfin ọdún 1921 sọ ìtọ́jú ikọ́ ife di dandan fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní England àti Wales. Kò tíì sí oògùn tó ń pa kòkòrò náà. Ọdún 1943 ni wọ́n tó rí streptomycin. Ìsinmi, oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ ni ìtọ́jú nígbà yẹn. Wọ́n tún máa ń fi abẹ́rẹ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí àyà aláìsàn kí ẹ̀dọ̀fóró lè sinmi. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan tiẹ̀ ń yá aláìsàn ní ahéré onípákó tí yóò máa sùn sí lẹ́yìnkùlé, kó má baà jẹ́ pé yàrá kan náà lòun àtàwọn ọmọ ẹ̀ ń sùn. Wọn ò lóògùn, síbẹ̀ wọ́n ń bá aláìsàn délé. Àwa tóògùn wà fún, à ń júwe ilé onílé fún nọ́ọ̀sì torí ojú aládùúgbò!

Ẹ júwe ilé yín gan-an. Ẹ kó gbogbo ará ilé lọ, àti ìyá àgbà, àti ọmọ ọ̀dọ̀, àti àbúrò tó kàn ń wá sùn lópin ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ò wúkọ́, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú lọ.