Ariwo Lásán

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni ọmọ mi sọ èdè bàbá rẹ̀ lórúkọ. Orúkọ tó sọ ọ́ ni "ariwo lásán".

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. A wà ní pápá tí àwọn ọmọdé ti ń fi kart sáré, òun nínú ọkọ̀, èmi lẹ́yìn ọgbà, mò ń kígbe bí ẹni tó ń polówó ata ní Bódìjà: "Fi iná sí i! Fi iná sí i jàre! Má tí ì tẹ bíréékì!" Nígbà tó wọlé, òyìnbó kan tí ọmọ tirẹ̀ náà ń sáré bi í pé èdè wo ni bàbá rẹ ń sọ yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án bọ́ akoto, ó nu imú, ó ní kì í ṣe nǹkan kan, ariwo lásán ló ń pa. Òyìnbó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò kọjá eyín.

Nígbà tí a ń lọ sílé, ó tún fi kún un: "Daddy, ṣé ẹ lè máa sọ gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ yẹn?" Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́ o. "Ẹ" yẹn, èmi ni mo fi sí i, kí ojú má baà tì mí níwájú yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ kart, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Irin pẹlẹbẹ kan ni, tí wọ́n gbé àga ike lé, pẹ̀lú táyà kéékèèké mẹ́rin. Kò ní ilẹ̀kùn, kò ní síprìngì, kò ní bẹ́líìtì. Ìdí ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ha ilẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ẹ sì gbọ́dọ̀ po ọ́ìlì mọ́ epo kí ẹ tó rọ ọ́ sí i. Ẹn-ẹ́n, ẹ ti mọ̀ ọ́n. I-pass-my-neighbour ni! Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbóòórùn èéfín yẹn nínú òtútù Hertfordshire, ní England níbí, omi bọ́ lójú mi, mo sì purọ́ fún ìyàwó mi pé èéfín ló kó sí mi lójú. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Mọ́kọ́lá ni mo rí. NEPA ti mú iná lọ, bọ́ọ̀lù ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìyá mi ń bínú pé ta ló tún po ọ́ìlì pọ̀ jù. Ta ló mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí n óò máa sanwó kí n tó gbóòórùn Tiger?

Stevenage là ń gbé, bọ́ọ̀sì ni mo ń wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Lewis Hamilton, awakọ̀ Formula 1, eré ìje mọ́tò tó ga jù lágbàáyé, sí ní 1985, kò sì sí bí ọmọ dúdú ṣe máa dàgbà níbẹ̀ tí kò ní gbọ́ orúkọ náà. Ife-ẹ̀yẹ àgbáyé méje ni ọmọ mi gbọ́. Èmi, Anthony, bàbá Lewis, ni mo gbọ́. Ọkùnrin yìí ra kart àlòkù fún ọmọ, ó fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà olówó oṣù sílẹ̀, ó lọ ń gba iṣẹ́ kéékèèké káyè lè gbà á láti tẹ̀lé ọmọ kiri. Ó fọ abọ́. Ó ta fèrèsé. Ó ri pátákó mọ́lẹ̀ kiri pé ilé yìí wà fún títà. (Tiwa, "ilé yìí kì í ṣe fún títà" là ń kọ, ọ̀nà méjì tí baba ọmọ fi ń pa owó mọ́.)

Ní 1993 ni Lewis, ọmọ ọdún mẹ́jọ, bẹ̀rẹ̀ sí í fi kart díje. Rye House ní Hoddesdon, tí kò jìnnà sí wa, ni pápá rẹ̀. Nígbà tó fi pé mẹ́wàá, ó ti gba ife àwọn ọmọdé gbogbo Britain, ó sì lọ bá Ron Dennis tó ni àṣẹ ní McLaren, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ Formula 1, lóde ayẹyẹ, ó ní òun fẹ́ wa ọkọ̀ wọn lọ́jọ́ kan. Dennis kọ ọ́ sínú ìwé Lewis pé kó pe òun lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án. Ọdún mẹ́sàn-án kò pé. Ní 1998, McLaren fúnra wọn ti mú un. Ó wọ Formula 1 ní 2007, ó gba ife ní 2008 pẹ̀lú máàkì kan ṣoṣo, ní Brazil, nínú òjò, nígbà tí àwọn ará ilé Felipe Massa, tó ń bá a du ife náà, ti ń fò sókè pé tiwọn ni. Ìyókù, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni pé Anthony máa ń wo ibi tí ọmọ tó yá jù ti ń tẹ bíréékì. Á rìn kọjá ibẹ̀ díẹ̀, á dúró: ibi tí mo dúró sí yìí ni kí o ti tẹ tìẹ. Bàbá tèmi, èébú ló fi kọ́ mi ní mọ́tò, láti Mọ́kọ́lá títí dé Ọ̀jọ́ọ̀. Bí mo bá pẹ́ tẹ bíréékì, orí mi á gbọ́ ọ kí táyà tó gbọ́. Mo fẹ́ràn èébú yẹn o. Kò sí gẹ̀ẹ́sì tó lè bú mi báyẹn mọ́.

Ṣùgbọ́n àwòrán kan wà tí n kì í fi han ọmọ mi. Ní February 2008, nígbà tí wọ́n ń dán ọkọ̀ wò ní Barcelona, àwọn òǹwòran kan fi dúdú kun ojú, wọ́n dé irun àtọwọ́dá, wọ́n wọ ẹ̀wù tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ìdílé Hamilton làwọn. Ìdílé o! Ọmọ ló ń sáré, ilé rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Mo tún un wò lálẹ́ ọjọ́ tí a ti pápá dé, mo wá rántí pé nínú gbogbo ọmọ tó sáré lọ́jọ́ yẹn, ọmọ mi nìkan ló dúdú. Bí mo bá ti kígbe, gbogbo ojú á kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ mi, wọ́n á wá ti ọ̀dọ̀ mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ojú yẹn ni kò fẹ́.

Mo mọ ìyẹn, kò sì mú ẹ̀dùn rẹ̀ kúrò. Baba àgbà Lewis wá láti Grenada, erékùṣù kan ní Caribbean. N ò sọ pé Yorùbá ni wọ́n, kí ẹnikẹ́ni má lọ kọ oríkì ránṣẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wa dé Grenada. Lẹ́yìn tí òwò ẹrú ti parí, wọ́n kó àwọn Yorùbá kan débẹ̀ láti ṣiṣẹ́ oko. Orin Ṣàngó ni wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀. Èdè tí wọ́n fi ń bú ọmọ, tí wọ́n fi ń na ọjà, ti lọ. N ò rò pé ẹnì kan já a gbà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọmọ kan á ti wà tí wọ́n bi léèrè, tó ní kì í ṣe nǹkan kan.

Ní 2010, wọ́n kéde pé Anthony kì í ṣe alábòójútó ọmọ rẹ̀ mọ́. Ẹ fojú inú wo ìpàdé ẹbí tí ìyẹn ì bá fà n'Ìbàdàn! Wọ́n ti parí ẹ̀ báyìí. Lewis sì ti tó ọmọ ọdún 25 nígbà yẹn. Tèmi fi mẹ́sàn-án dá mi dúró, mo ṣì ń sanwó táyà.

A tún lọ lánàá. N ò pariwo. Mo rìn kọjá ibi tí ọmọ tó ń ṣáájú ti ń tẹ bíréékì, ìgbésẹ̀ mẹ́ta, mo dúró sẹ́yìn ọgbà, òjò ń ṣàn wọ ọrùn ẹ̀wù mi. Gbogbo ìgbà tó bá kọjá, á ti tẹ̀ ẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Nígbà tó wọlé, ó ní kí ló dé tí mo kàn dúró síbẹ̀ bí òpó iná. Mo ṣàlàyé. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ṣàlàyé. Ó mi orí, ó padà sínú kart.

Ní ìyípo kẹta, ó dé ọ̀dọ̀ mi kó tó tẹ̀ ẹ́. Táyà ẹ̀yìn yọ̀, ó dì í mú, ó jáde. "O káre!" ti dé orí ahọ́n mi.

Mo gbé e mì.