Ẹja Tí Kò Lórúkọ Lẹ́nu Wa

Ní oṣù Kẹsàn-án tí ó kọjá, lẹ́yìn òjò kan tí ó rọ̀ láti alẹ́ di ìdájí, ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa gbé garawa ọ̀dà kan wá sí ẹnu ọ̀nà mi. Ó ti lọ yẹ àwọ̀n tí ó dẹ sí odò kékeré tí ó ń ṣàn lẹ́yìn ilé wa lọ pàdé odò Ọ̀ṣun. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí, mi ò mọ̀ bóyá ẹja ni tàbí ọmọ ọ̀nì." Mo bojú wo inú garawa. Nǹkan náà gùn tó apá mi láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́, ó dúdú, ó ní àmì tó-tò-tó bí awọ àmọ̀tẹ́kùn, ara rẹ̀ sì le koránkorán bí igbá. Àwọ̀n ọmọ náà ti fàya níbi mẹ́ta, nítorí pé ẹ̀gún tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì nǹkan náà kò jẹ́ kí ó ṣeé fà yọ láìgé okùn.

Ní Òṣogbo, ọ̀rọ̀ ẹja kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ nìkan. Inú "a-tẹ́wọ́-gba-ẹja" ni orúkọ oyè ọba wa, Àtáọ́ja, ti jáde, nítorí ìtàn ìlú sọ pé Lárọ́òyè, ọba àkọ́kọ́ ìlú wa, tẹ́ ọwọ́ gba ẹja lọ́wọ́ Ọ̀ṣun. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ pẹja nínú igbó Ọ̀ṣun títí di òní. Nítorí náà, kí oòrùn tó dé àtàrí, àlàyé mẹ́ta ti wà nílẹ̀. Ẹnìkan ní ìránṣẹ́ Ọ̀ṣun ni, kí a yára dá a padà. Ẹlòmíràn ní àwọn tí ń wa wúrà lókè odò, tí wọ́n ti sọ omi Ọ̀ṣun di aláwọ̀ amọ̀ láti bí ọdún mélòó kan, ni wọ́n sọ àrọ̀ di abàmì. Ẹnìkẹta kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó dára fún ọbẹ̀ ata. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí a má dá a padà sínú omi ná, nítorí pé bí ó bá jẹ́ àjòjì, oore tí a rò pé a ṣe fún un lè di ìyà fún àwọn ẹja tí a bá nínú odò.

Mo kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe kan. Mo ya àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan, mo sì fi í ránṣẹ́ sí ẹnìkan tí mo mọ̀ tí ń kọ́ni nípa ẹja ní yunifásítì. Èsì rẹ̀ kò gùn: "Ẹ yí i padà, ẹ jẹ́ kí n rí ikùn rẹ̀, ẹnu rẹ̀ àti lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ní títẹ́, kí ẹ sì fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀." Olùkọ́ ni èmi náà, ojú sì tì mí díẹ̀.

Kí n tó ya òmíràn, mo gbé garawa náà lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tí ó ti pẹja fún ọ̀pọ̀ ọdún ní adágún Ẹ̀rìnlẹ̀ ní apá Òkìnnì. Bàbá kò wo ẹ̀yìn rẹ̀ rárá. Wọ́n gbé e dojú dé, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ẹnu rẹ̀, wọ́n ní, "Gbogbo ẹja omi yìí ni mo mọ̀ lórúkọ. Èyí kì í ṣe ọmọ ilé." Wọ́n wá ṣàlàyé fún mi bí ẹni tí ń ka orúkọ ẹbí: àrọ̀ kò ní ìpẹ́, awọ rẹ̀ ń yọ̀, irun ẹnu mẹ́jọ ni ó sì ní, ọ̀bọ̀kún náà ń yọ̀ lára, ṣùgbọ́n ó ń dán bí fàdákà, epìyà ní ìpẹ́ tí a lè fi ọ̀bẹ ha kúrò, ọ̀jìjì kò nílò àlàyé fún ẹni tí ó bá ti fọwọ́ kàn án rí. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ wa kò bá ìkankan nínú wọn mu. Pẹ́pẹ́ eegun ni ó bo ara rẹ̀ ní ìlà-ìlà láti orí dé ìrù. Irun ẹnu méjì péré ni ó ní, ẹnu náà sì wà nísàlẹ̀ orí, ó rí roboto, ó lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ Bàbá bí ẹni ń fa ọmú. Nígbà tí mo tan iná fóònù sí i lójú, awẹ́ kékeré kan sọ̀ kalẹ̀ láti òkè ẹyinjú, ihò ojú náà sì dà bí oṣù tuntun tí ó fẹ̀yìn lélẹ̀. N kò rí irú rẹ̀ rí lójú ẹja.

Ẹ̀yìn èyí ni a tẹ́ lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀, tí a ka á lẹ́ẹ̀mejì: ẹ̀gún líle kan níwájú, ọ̀pá rírọ̀ 12 sì tẹ̀lé e. Iye yìí ni ó já ọ̀rọ̀ náà. Nínú ìdílé àwọn ẹja tí pẹ́pẹ́ eegun bo ara wọn báyìí, tí ẹnu wọn ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, ẹ̀yà méjì ni wọ́n sábà máa ń ṣì mú fún ara wọn. Èyí tí wọ́n ń pè ní Hypostomus máa ń ní ọ̀pá rírọ̀ méje, ṣùgbọ́n ti Pterygoplichthys sábà máa ń tó mẹ́wàá tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ikùn rẹ̀ ní ìlà dúdú tí ó so kọ́ ara wọn bí ipa ekòló, èyí tí ó jẹ́ àmì oríṣi Pterygoplichthys kan tí wọ́n ń pè ní disjunctivus, nígbà tí ti oríṣi kejì, pardalis, máa ń jẹ́ tó-tò-tó tí kò so pọ̀. Ọ̀rẹ́ mi tí ń kọ́ni ní yunifásítì kò gbà láti lọ jìnnà ju Pterygoplichthys lọ, nítorí pé disjunctivus àti pardalis máa ń gun ara wọn, ọmọ wọn a sì gbé àmì tibí-tọ̀hún. Mo fara mọ́ ìṣọ́ra rẹ̀.

Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé ẹja yìí, ní agbègbè odò Amazon. Ní Manaus ní Brazil, wọ́n ń yan án jẹ. Ohun tí ó gbé e káàkiri ayé ni àpótí gíláàsì tí àwọn ènìyàn ń sin ẹja sí fún ẹwà. Wọ́n ń rà á ní kékeré kí ó máa lá ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé ara gíláàsì, ṣùgbọ́n ó lè gùn tó ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 50, nígbà tí ó bá sì ti pọ̀ ju àpótí lọ, olówó rẹ̀ a dà á sí odò. Báyìí ni ó ṣe dé Florida, Mẹ́síkò, Philippines, Bangladesh àti Gúúsù Áfíríkà. Ní adágún Infiernillo ní Mẹ́síkò, àwọn apẹja tí ń fi epìyà gbọ́ bùkátà bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹja líle yìí jáde dípò rẹ̀, ẹ̀gún rẹ̀ sì ń ya àwọ̀n wọn. Akọ rẹ̀ tún máa ń gbẹ́ ihò tí ó lè jìn tó mítà kan sínú bèbè odò láti tọ́jú ẹyin, bèbè náà a sì máa ya lulẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ bí ilé ṣe sún mọ́ omi tó ní àdúgbò wa yóò mọ ìdí tí mo fi dúró lórí gbólóhùn yìí.

Mo fi í sílẹ̀ nínú garawa gbígbẹ ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo rò pé yóò kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní ìdájí, ó ṣì ń mí, nítorí pé ó lè gbé afẹ́fẹ́ mì kí ó sì fi ikùn rẹ̀ mí. Inú firísà ni mo gbé e sí nígbẹ̀yìn, ìyàwó mi kò sì tíì dárí jì mí pátápátá.

Ohun tí ó dùn mí jù ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ọmọ kékeré ti gbọ́ pé a ń wá ẹja ẹlẹ́gùn-ún, wọ́n sì fi igi lu ọ̀kan pa, wọ́n gbé e wá tayọ̀tayọ̀. Synodontis ni, ẹja ilẹ̀ Áfíríkà tí kò ṣẹ̀ wá rárá. Ó ní ẹ̀gún lóòótọ́, orí rẹ̀ sì le, ṣùgbọ́n awọ ara rẹ̀ lásán ni láìsí pẹ́pẹ́ eegun, irun ẹnu rẹ̀ ìsàlẹ̀ sì pẹ̀ka bí gbòǹgbò. Mo kó wọn jókòó, mo yọ ti firísà jáde, mo sì jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ pa ìkíní kejì wò lójú pípadé. Láti ọjọ́ náà, ikùn ni wọ́n kọ́kọ́ ń yí sókè.

Bàbá kò gbà kí a fún àjòjì náà lórúkọ. Wọ́n ní bí a bá ti sọ ọ́ lórúkọ, ó ti di onílé nìyẹn. A kò tíì rí èkejì rẹ̀. Nígbà tí omi bá fà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, èmi àti Bàbá yóò rin bèbè odò náà láti ẹ̀yìn ilé wa dé ibi tí ó ti wọ Ọ̀ṣun, a ó máa wo ihò.